Ìwé Ìbí, Ìwé Ìgbéyàwó, Ìwé Ikú: Bí A Ṣe Lè Tọ Ipa Ẹsẹ̀ Àwọn Baba Wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bọ̀ nínú ìdílé gbogbo tí ẹni tí ó mọ àrọ́bá yóò ti sùn, tí àwọn tí ó kù kì yóò sì mọ ohun tí wọn yóò wí. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé pélébé kan tí akọ̀wé kọ ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn lè di ẹnu fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà kan kú nínú agbo ilé kan ní Ìsọlọ̀ tí mo mọ̀ dáadáa. Bí àwọn ọmọ ilé ti jókòó láti pín iṣẹ́ ìsìnkú láàrín ara wọn, obìnrin kan tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì ní òun pẹ̀lú fẹ́ dá owó aṣọ, nítorí pé ìyá tí ó bí ìyá òun jẹ́ ọmọ ilé náà. Wọ́n bi í pé, "Kí ni orúkọ ìyá àgbà rẹ?" Ó dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó mọ orúkọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀ ni ó ń wá. Obìnrin náà kò dá a lóhùn. Ó dìde, ó sì jáde. Nígbà tí mo bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kò fẹ́ ilẹ̀. Ibi tí n ó dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń pe àwọn ọmọ olóòkú ni mo fẹ́."

A sin bàbá náà láìsí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ogójì ọjọ́, òun àti èmi bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé. Ọ̀nà tí a tọ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè tọ̀ ọ́.

I. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrín wa

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ìwé ìjọ nìkan ni wọ́n ní. Ní ọ̀dọ̀ wa, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1863 ni wọ́n ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ṣùgbọ́n erékùṣù Èkó nìkan ni òfin náà kàn. Ní 1884 ni òfin ìgbéyàwó tẹ̀ lé e, èyí tí a ń pè ní ìgbéyàwó alárédè tàbí ìgbéyàwó kóòtù. Ní 1917 ni òfin mìíràn jáde, ẹ̀kọkàndínlógójì ti ọdún náà, tí a ṣe nítorí gbogbo Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ìbí, ikú àti ìsìnkú. Ìjọba tún ṣe òfin sí i ní 1979; àti ní 1992, wọ́n fi iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé Àjọ Ètò Ìkànìyàn lọ́wọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Nígbà tí akọ̀wé ti ń kọ ọmọ sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó, oko àti abúlé ni ìhà ọ̀dọ̀ wa jẹ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí là láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba Òṣòdì kọjá. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìbí kò bá ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba wa ni a bí ní abẹ́ igi, tí a sọ ní orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí a kò sì kọ sínú ìwé kankan.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ààlà ìjọba ń yí padà. Ní 1954, nígbà tí a ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú ìlú ìjọba àpapọ̀, Òṣòdì, Mùṣín, Ìsọlọ̀ àti Ìkẹjà wà ní abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí gbogbo wọn sì di ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ìwé baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ibi tí a bí i nìkan, kí ó tún béèrè pé, "Ta ni ó ń ṣe àkóso ibẹ̀ ní ọdún náà?" Ìwé a máa tọ aláṣẹ lẹ́yìn.

II. Ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n sáré lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó tú àpótí ìyá wọn. Akọ̀wé yóò bi yín ní orúkọ, ọdún àti ibi tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí bí yóò ti ràn yín lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara yín, kí ẹ sì máa lọ sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ara yín, lẹ́yìn náà bàbá àti ìyá, lẹ́yìn náà àwọn òbí wọn. Ẹ má ṣe fo ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fo ìran kan lè bá ara rẹ̀ nínú ìdílé ẹlòmíràn.

Ẹ tú àpótí. Ẹ wá ìwé ìrìbọmi, ìwé owó orí, ìwé ilé ìwé, káàdì ìkésíni sí ìyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, àti ẹ̀yìn àwòrán, nítorí àwọn ará ìgbàanì a máa kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn àwòrán. Ẹ lọ bá àwọn àgbà nígbà tí ara wọn yá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu, kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n ti wí i.

Nínú àpótí ìyá obìnrin wa, a rí ohun méjì. Èkíní ni ìwé ẹ̀rí ikú ìyá àgbà rẹ̀, ti ọdún 1974. Èkejì ni àwòrán ìgbéyàwó kan tí ó ti rẹ̀, tí orúkọ ìjọ kan ní erékùṣù Èkó sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

III. Bí a ṣe ń ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ìwé ikú ni a kọ́kọ́ ń kà, nítorí òun ni ó sún mọ́ wa jù lọ. Ó ń sọ orúkọ òkú, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ó kú sí, ohun tí ó pa á bí a bá mọ̀ ọ́n, àti orúkọ ẹni tí ó wá fi ikú náà sùn. Ẹ wo orúkọ ìkẹyìn yìí dáadáa. Ẹni tí ó fi ikú sùn a sábà máa jẹ́ ọmọ, àbúrò tàbí aládùúgbò. Ẹ̀ka ìdílé kan nìyẹn tí ẹ lè má tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òkú kọ́ ni ó ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ìwé tí a rí wí pé ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìfojúbù ọmọ rẹ̀ ni. A fi í ṣe atọ́nà pé a bí i ní nǹkan bí ọdún 1909. A kò búra lé e lórí.

Ìwé ìbí ń sọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti ibi tí a bí i, orúkọ bàbá àti ti ìyá. Òun ni ó dára jù lọ bí a bá rí i, nítorí a kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná. A wá ti ìyá náà, a kò rí i, ìdí rẹ̀ ni mo sì ti sọ ṣáájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí mú ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì. Àìsí ìwé kò túmọ̀ sí àìsí ènìyàn.

Ìwé ìgbéyàwó alárédè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí, òun sì ni ó ní ọ̀rọ̀ nínú jù lọ. Nínú rẹ̀ ni a ń kọ orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó, bóyá wọ́n ti dàgbà tó, bóyá wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó rí, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé ní ọjọ́ náà. Àti, ní ìlà tí ó ṣe iyebíye jù lọ, orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó, pẹ̀lú iṣẹ́ tí olúkúlùkù wọn ń ṣe. Ìwé kan ṣoṣo fún wa ní bàbá méjì! Nísàlẹ̀ ni orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wà. Ìjọ tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so yìgì yóò pa ẹ̀dà kan mọ́, ẹ̀dà kejì yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ wá èkejì.

Ní ìjọ tí ó wà ní ẹ̀yìn àwòrán náà, wọ́n gbà wá láàyè láti ṣí ìwé ọdún 1932. A rí ìyàwó náà. Iṣẹ́ rẹ̀, aránṣọ. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀. Orúkọ bàbá náà sì jẹ́ orúkọ tí a fi ń pe agbo ilé ní Ìsọlọ̀ títí di òní. Ẹlẹ́rìí kejì kò mọ ìwé. Ó fa àmì àgbélébùú, akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà ni ti bàbá tí ó bí òkú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

IV. Àwọn kòtò tí ó wà lójú ọ̀nà

Ẹ̀yin yóò béèrè pé, bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé, èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀? Ìdáhùn ni pé orúkọ ìrìbọmi ni ó wà nínú ìwé, òun náà sì ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ilé kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kòtò kìíní nìyí. Ènìyàn kan láàrín wa lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìnagijẹ, àti orúkọ tí ó gbà nínú ìjọ tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jáde nílé.

Kòtò kejì ni orúkọ ìdílé. Àwọn baba wa kò ní i bí a ti ní i nísinsìnyí. Ọmọ méjì tí bàbá kan náà bí lè lo orúkọ méjì, èkíní orúkọ bàbá, èkejì orúkọ bàbá àgbà. Àwọn mìíràn yí tiwọn padà: ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mojola Agbebi, David Brown Vincent ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá Agbebi nínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀ yóò pẹ́ níbẹ̀.

Kòtò kẹta ni bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́. Ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fi ẹsẹ̀ ìlànà kíkọ èdè wa múlẹ̀, síbẹ̀ akọ̀wé ìjọba ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹni kan lè fi "sh" kọ Òṣòdì, ẹlòmíràn lè fi "s" lásán kọ ọ́. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀, orúkọ méjì tí kò jọra lẹ́nu sì lè jọra nínú ìwé. Ẹ ka orúkọ náà sókè. Ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó gbà á.

Kòtò kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹbí. A ń pe àbúrò bàbá ní bàbá, a ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí akọ̀wé béèrè pé, "Ta ni bàbá rẹ?" ọmọ tí àbúrò bàbá tọ́ dàgbà lè dárúkọ ẹni tí ó tọ́ ọ. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìwé kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹlẹ́rìí kejì. Bákan náà ni ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí a ń gbà ní kóòtù: ohun tí ẹnì kan búra ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìbí ni.

Kòtò karùn-ún, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò ní ìwé alárédè kò ṣe ìgbéyàwó. Àwọn tí ó gbé ìyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀ tàbí tí a so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí pọ̀ jù àwọn tí ó lọ sí rẹ́jísírì lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ìgbéyàwó wọn pé. Ìwé ni kò sí.

V. Nígbà tí ìwé bá tán

Bí ìwé ìjọba bá dópin, ẹ má ṣe dúró. Orúkọ wa pàápàá jẹ́ àkọsílẹ̀. Babátúndé ń wí fún yín pé bàbá àgbà ti kú kí a tó bí i. Yétúndé ń wí bẹ́ẹ̀ nípa ìyá àgbà. Ìdòwú ń wí pé ìbejì wà ṣáájú rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ nípa wọn rí. Tòkunbọ̀ ń wí pé òkè òkun ni a ti bí i. Oríkì orílẹ̀ sì ń tọ́ka sí ìlú tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá. Bí àgbà bá wí pé òun ti ń rìn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, ọdún 1918 ni ó ń sọ, ẹ sì lè ṣírò rẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àdúgbò wa. Òṣòdì Tápà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tápà tí ó dé Èkó ní ìgbà Ọba Òṣìnlókùn. Ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé ọba náà kúrò ní 1851. Ó bá a padà ní 1862, ó sì tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó kú ní 1868. Kò sí ìwé ìbí rẹ̀ níbi kankan. Ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé wà, àti ìwé ẹjọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Ìwé ẹjọ́ àti ìwé ogún ní kóòtù kún fún orúkọ àwọn baba ńlá. Níbi tí ẹbí ti jà ni akọ̀wé ti kọ̀wé jù.

Bí ìdílé yín bá ti ọ̀dọ̀ àwọn Sàró wá, ìwé àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ṣì wà ní Freetown. A kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn sínú rẹ̀. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ọmọ Òṣogùn gbà. A mú un lẹ́rú ní 1821, a gbà á sílẹ̀ ní 1822, a sì rì í bọmi ní 1825 pẹ̀lú orúkọ Samuel Crowther. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham. Ìwé ìjọba àtijọ́ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa sì wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì.

VI. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹni tí ó bá ń wá baba rẹ̀ yóò rí ohun tí kò wá. Yóò rí ọmọ tí ó kú ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mọ́. Yóò rí ìyàwó tí a lé, tàbí bàbá tí ó wá láti oko ẹrú. Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ bá rí bú ẹnikẹ́ni. A kò ṣí ìwé òkú láti fi ná alààyè.

Èkejì, ẹ kọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀. Òfin 1992 fún wa ní ọgọ́ta ọjọ́ láti ìgbà tí a bá bí ọmọ, ìforúkọsílẹ̀ náà kò sì gba owó. Ẹ kọ ikú àwọn òbí yín sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwa a máa ná owó púpọ̀ sí ìsìnkú, a kì í sì í ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láti lọ fi ikú náà sùn. Ẹ fi orúkọ ilé kún orúkọ ìjọ, kí ẹ wò ó bí akọ̀wé ti kọ ọ́ kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi. Ní ogójì ọjọ́, a mú ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó náà lọ sí agbo ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rẹ́rìn-ín ni a fún kí ó kà á sókè. Nígbà tí ó dé ibi orúkọ ẹlẹ́rìí tí ó fa àmì àgbélébùú, ohùn rẹ̀ rọ̀, nítorí pé bàbá ńlá tirẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan, àbúrò olóòkú, gbé orí sókè. Ó ní, "Àbúrò bàbá wa tí ìyá Èkó mú lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ! Àṣàkẹ́ ni a ń pè é." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé náà, obìnrin àlejò náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì kì í títí dé òpin, nítorí pé òun ni ìyá àgbà rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ ní ìgbà èwe rẹ̀.

Wọn kò fún un ní ilẹ̀, òun kò sì béèrè. Wọ́n sún ìjókòó fún un láàrín àwọn ọmọ obìnrin ilé, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdílé. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá ti délé lálẹ́ òní, ẹ tú àpótí ìyá yín. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a sọ ara wa nù. Ó dìgbà.